Ọwọ́ Kan Nínú Òkùnkùn: Kí Ni Ìròyìn Ọkọ̀ Rírì Ń Sọ fún Wa Nípa Ìgbàlà?

Nínú gbogbo iṣẹ́ tí ó já lé akọ̀wé ìròyìn ìjọ lọ́wọ́, kò sí èyí tí ó wúwo lọ́kàn mi tó lẹ́tà ìbánikẹ́dùn. Ọdún kì í yí po kí n má kọ ọ́. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, tí odò kún dé bèbè, kì í pẹ́ tí a fi ń gbọ́ pé ọkọ̀ kan ti dojú dé níbì kan. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, àwọn ènìyàn tí ó ń ti ibi ìgbéyàwó bọ̀ ní òru wọ ọkọ̀ onígi kan lórí odò Ọya, ní agbègbè Pàtígi ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Alùpùpù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn gùn lọ síbi àsè náà. Òjò ni ó bo ọ̀nà mọ́lẹ̀ tí wọ́n fi gba ojú omi padà. Èrò pọ̀ jù nínú ọkọ̀, ẹ̀wù ìléfòó kò sí lára wọn, ọkọ̀ náà sì dà wọ́n sómi. Ẹ̀mí tí ó bá a lọ lé ní 100. Aṣọ ẹbí ìyàwó ṣì wà lára àwọn mìíràn nígbà tí a rí òkú wọn, bí mo ti máa ń rò ó nínú ọkàn mi.

Lẹ́tà tí mo kọ lẹ́yìn ọ̀kan nínú irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ wa mú lọ́wọ́ wá bá mi ní ọ́fíìsì. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó sì fi ìka tọ ìlà tí ó gbẹ̀yìn nínú rẹ̀. “Bàbá,” ni ó wí, “ẹ má bínú sí mi. Ẹ fi orúkọ Ọlọ́run Olùgbàlà wa parí ìwé yìí. Ta ni Ó gbà là níbẹ̀?” Mo wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń ṣe yẹ̀yẹ́. Kò ṣe yẹ̀yẹ́. Mo sọ fún un pé kí ó fún mi ní àyè díẹ̀ kí n ronú. Àyè díẹ̀ náà ti pé jù, àpilẹ̀kọ yìí sì ni ìdáhùn mi sí i, bí ó tilẹ̀ pẹ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ní láti jẹ́wọ́ ni pé àwa gan-an ni a ti sọ ọ̀rọ̀ náà di yẹpẹrẹ. Ẹ tẹ́tí sí ẹ̀rí tí a ń jẹ́ nínú ìjọ ní ọjọ́ ìsinmi. Ẹni tí ó rí físà gbà, a ní Olúwa gbà á là. Ẹni tí báńkì yá lówó, a ní Olúwa gbà á là. Mi ò ní kí ènìyàn má dúpẹ́ fún ohun rere, àìmoore ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá jẹ́ pé ìtẹ̀síwájú nìkan ni à ń pè ní ìgbàlà, Olùgbàlà ti di alágbàṣe wa nìyẹn. Ní ìhà kejì, àwọn mìíràn wà tí ìgbàlà lẹ́nu wọn kò ju ìwà títọ́ lọ: fi ọtí sílẹ̀, san ìdámẹ́wàá, má ṣe pẹ́ wá sí ìsìn. Ìwọ̀nyí dára púpọ̀, ṣùgbọ́n olùkọ́ ni irú Kristi bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹni tí ń gbani. A kì í kọ́ ẹni tí ó ń rì lọ́wọ́ ní ìlúwẹ̀ẹ́.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá náà fúnra rẹ̀ le ju bí a ti ń lò ó lọ. “Gbà” ni kí a já nǹkan kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó dì í mú. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń gba ọmọ lọ́wọ́ ajínigbé, tí a sì ń gba ẹran lẹ́nu ìkookò. “Là” ni kí ẹ̀mí yọ, bí a ti ń sọ pé ẹnìkan la ewu kọjá. Nínú ọ̀rọ̀ kékeré yìí, ewu kan wà tí ó ti gbá ènìyàn mú, ọwọ́ kan sì wà tí ó ti ìta wá. Bí ẹ bá mú ewu náà kúrò tàbí tí ẹ bá mú ọwọ́ náà kúrò, ọ̀rọ̀ náà kò ní ìtumọ̀ mọ́. Ó yẹ kí a kíyè sí i pé àwọn tí ó ní kí Jésù gba ara rẹ̀ là kí Ó sọ̀kalẹ̀ láti orí àgbélébùú, ẹlẹ́gàn ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ kan tí ó ṣẹlẹ̀ nínú omi tiwa wá. Ní kùtùkùtù òwúrọ̀ ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún ọdún 2013, ọkọ̀ Jascon-4, ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ alágbára tí í fa àwọn ọkọ̀ elépo rọ̀bì, dojú dé ní nǹkan bí kìlómítà 30 sí etíkun Escravos ní Ìpínlẹ̀ Delta. Ènìyàn 12 ni ó wà nínú rẹ̀. Harrison Okene ni alásè ọkọ̀ náà, ẹni ọdún 29. Ó wà ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ yí padà. Ọkọ̀ náà dorí kodò, ó sì rì lọ sí ìsàlẹ̀ òkun, níbi tí ó jìn tó mítà 30. Omi gbé Okene láti ibì kan dé ibòmíràn nínú ọkọ̀ náà, títí ó fi bọ́ sí yàrá kékeré kan tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ ṣẹ́kù sí lókè rẹ̀. Ibẹ̀ ni ó wà nínú òkùnkùn biribiri, nínú òtútù, pẹ̀lú òkú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nítòsí, fún nǹkan bí wákàtí 60.

Kò jókòó lásán. Ó tú pátákó ara ògiri, ó fi mátírẹ́ẹ̀sì lé e kí ó lè rí ibi jókòó tí omi kò ti ní bo àyà rẹ̀. Ó rí ìgò Coke kan, òun ni ó ń tọ́ lá. Ó rántí àwọn Sáàmù tí ìyàwó rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i kí ó kà ní alẹ́ tí ó ṣáájú, bẹ̀rẹ̀ láti orí Sáàmù 54, ó sì ń fi wọ́n gbàdúrà. Gbogbo ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ ènìyàn ni ó ṣe, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí gbogbo rẹ̀ lè gbé e dé. Afẹ́fẹ́ tí ó ń mí ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, nítorí èémí tí òun fúnra rẹ̀ ń mí jáde ni ó ń bà á jẹ́. Bí ó bá tilẹ̀ rí ọ̀nà jáde, tí ó sì ní agbára láti wẹ̀ dé òkè, ara rẹ̀ ti fa afẹ́fẹ́ tí agbára omi tẹ̀ mọ́lẹ̀ sínú fún ọjọ́ méjì ààbọ̀. Bí ó bá yọ sókè lójijì, afẹ́fẹ́ náà yóò hó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bí ìgò ẹlẹ́rìndòdò tí a ṣàdédé ṣí, yóò sì pa á. Ọ̀nà àbáyọ tí ó wà fún un gan-an, ikú ni.

Àwọn òmùwẹ̀ tí wọ́n rán sísàlẹ̀ kò wá gba ẹnikẹ́ni là. Òkú ni wọ́n wá kó. Wọ́n ti rí àwọn kan gbé jáde nígbà tí ọ̀kan nínú wọn rí ọwọ́ kan nínú omi dúdú náà. Ó rò pé òkú mìíràn ni. Ó na ọwọ́ sí i, ọwọ́ náà sì di tirẹ̀ mú. Fídíò tí kámẹ́rà orí òmùwẹ̀ náà ká jáde sí gbangba ní oṣù kejìlá ọdún 2013, gbogbo ayé sì wò ó. Mo ti wò ó ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Nígbà kọ̀ọ̀kan tí ọwọ́ yẹn bá gbá ọwọ́ kejì mú, ara mi a máa bù máṣọ.

Nígbà tí Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì kọ̀wé sí àwọn ará Éfésù ní orí kejì, kò sọ fún wọn pé aláìsàn ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Òkú ni ó pè wọ́n. Níbí ni ìtàn Okene àti ìhìnrere ti yàtọ̀ sí ara wọn díẹ̀, ìyàtọ̀ náà sì ṣe pàtàkì. Òmùwẹ̀ náà wá kó òkú, ó yà á lẹ́nu pé ó bá alààyè. Kristi mọ̀ kí Ó tó wá pé òkú ni àwọn tí Òun ń bọ̀ wá bá, Ó sì wá bẹ́ẹ̀ láti sọ wọ́n di ààyè. Àwa tí a ń wàásù, ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra. Bí a bá ń fi yé àwọn ènìyàn pé Ọlọ́run ń wá ẹni tí ó ṣì ní okun díẹ̀ láti wẹ̀ pàdé Òun ní àárín ọ̀nà, kì í ṣe ìhìnrere ni a ń wàásù.

Ìtàn kejì jìnnà sí wa, ní orílẹ̀-èdè Thailand, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó là mí lójú tó o nínú ìròyìn ayé láti ọdún pípẹ́. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún 2018, àwọn ọmọkùnrin 12 tí ó wà nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan, tí ọjọ́ orí wọn bẹ̀rẹ̀ láti 11, wọ inú ihò òkè tí à ń pè ní Tham Luang pẹ̀lú ọ̀dọ́mọkùnrin tí í kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù. Wọ́n fẹ́ ṣeré ni. Òjò rọ̀, omi sì dí ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé. Wọ́n ń sá sẹ́yìn fún omi títí wọ́n fi dé orí ilẹ̀ gíga kan tí ó jìn tó kìlómítà mẹ́rin sí ẹnu ihò. Ọjọ́ kẹwàá, ní ọjọ́ 2 oṣù keje, ni àwọn òmùwẹ̀ méjì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yọ lórí omi níwájú wọn pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì.

Kí wọ́n tó rí wọn, àwọn ọmọ náà ti ń fi òkúta gbẹ́ ara ihò náà bóyá wọn yóò lè gbẹ́ ọ̀nà jáde. Wọ́n gbẹ́ ẹ tó mítà díẹ̀. Òkè ńlá ni ó wà lórí wọn. Nígbàkúùgbà tí mo bá ronú nípa ìtẹ́ra-ẹni-lọ́rùn nínú ẹ̀sìn, nípa àwẹ̀ tí a fi ń dúnàá-dúrà pẹ̀lú Ọlọ́run àti ẹ̀jẹ́ tí a ń jẹ́ ní ìparí ọdún, ihò kékeré tí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn gbẹ́ ni mo máa ń rí. Mi ò fi wọ́n ṣẹ̀sín o. Ó dára kí ọmọ ènìyàn ṣe nǹkan ju kí ó sọ ìrètí nù lọ. Ṣùgbọ́n bí abẹ bá mú títí, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Rírí tí a rí wọn kò tíì yọ wọ́n. Ọ̀nà náà kún fún omi ẹlẹ́rẹ̀ tí ojú kò lè ríran nínú rẹ̀, ó sì fún ní àwọn ibì kan débi pé àgbàlagbà kan ni ó lè gba ibẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò mọ bí a ti ń lo irinṣẹ́ abẹ́ omi. Bí ẹ̀rù bá ba ọmọ kan ní àárín ọ̀nà, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í jà, yóò ya ìbòjú rẹ̀, yóò sì pa ara rẹ̀ àti ẹni tí ó ń gbé e. Ohun tí wọ́n ṣe wá nìyí: Dókítà Richard Harris láti Australia, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ fífún aláìsàn ní oògùn oorun kí a tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, tí ó tún jẹ́ òmùwẹ̀ inú ihò, fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní oògùn tí ó mú kí wọ́n sùn lọ. Wọ́n fi ìbòjú afẹ́fẹ́ bo ojú wọn, wọ́n so ọwọ́ wọn sẹ́yìn, òmùwẹ̀ kan sì gbé ọmọ kan lọ bí ẹrù. Láti ọjọ́ 8 sí ọjọ́ 10 oṣù keje, ọjọ́ mẹ́ta gbáko, gbogbo àwọn 13 jáde láàyè.

Ẹ ro ó wò. Ọwọ́ wọn wà ní sísọ. Ojú wọn wà ní pípadé. Kò sí èyí tí ó lè sọ lẹ́yìn náà pé òun wẹ̀ dáadáa, tàbí pé ìgbàgbọ́ òun le ju ti ẹnìkejì òun lọ. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n gbà kí dókítà náà fún wọn lóògùn. Àwọn bàbá wa ní ẹni tí a gbé pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Mo máa ń gbọ́ òwe yìí gẹ́gẹ́ bí ìbáwí fún aláìmoore, ìbáwí sì ni. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2018, mo ti ń gbọ́ ìròyìn ayọ̀ nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Gbogbo àwọn tí ó wà nínú ìjọ Ọlọ́run, ẹ̀yìn ni a fi pọ̀n wọ́n dé ibẹ̀, títí kan bíṣọ́ọ̀bù.

Ọ̀nà náà sì jìn fún ẹni tí ó gbé wọn. Saman Kunan, ẹni tí ó ti jẹ́ ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Thailand tẹ́lẹ̀, yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti wá ran iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 6 oṣù keje, ó gbé àwọn àgbá afẹ́fẹ́ sí ojú ọ̀nà inú ihò náà. Nígbà tí ó ń padà bọ̀, ó dákú nínú omi, ó sì kú. Ọmọ ogun ojú omi kejì, Beirut Pakbara, kú ní oṣù kejìlá ọdún 2019 nítorí àrùn ẹ̀jẹ̀ tí ó kó nínú iṣẹ́ ìgbanilà náà. Àwọn àgbẹ̀ tí ó wà ní ìsàlẹ̀ òkè náà gbà kí omi tí ẹ̀rọ ń fà jáde bo oko ìrẹsì wọn, àwọn kan nínú wọn kò sì gba owó ìtanràn. Kì í ṣe ọ̀fẹ́ ni ìgbàlà àwọn ọmọ náà. Ọ̀fẹ́ ni fún àwọn ọmọ náà.

Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe Kristẹni. Ẹlẹ́sìn Búdà ni wọ́n, lẹ́yìn tí wọ́n jáde, wọ́n sì wọ aṣọ ẹ̀sìn wọn láti fi bọlá fún Saman. Ọ̀kan péré nínú àwọn ọmọ náà ni ó jẹ́ Kristẹni. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gun orí pẹpẹ lọ fi orúkọ Jésù lẹ ohun tí àwọn tí ó ni ín kò pè bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀, nínú ìwé Róòmù orí karùn-ún, wo inú ayé láti wá àpèjúwe: ó ní ó ṣòro kí ẹnìkan kú nítorí olódodo, bóyá nítorí ènìyàn rere ẹlòmíràn lè gbìyànjú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó wá sọ ohun tí ó mú ti Kristi yàtọ̀: nígbà tí a ṣì jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ ni Ó kú fún wa. Ọmọ tí ó wọ ihò lọ ṣeré ni Saman kú fún. Àwa kọ́, a ti kọ Ọlọ́run lẹ́yìn kí omi tó dé.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ara mi kún un. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí odò ẹ̀yìn abúlé wa gbé mi. Apẹja kan tí ó ń tú àwọ̀n rẹ̀ ni ó bẹ́ sómi. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ mi, mo gun orí rẹ̀. Mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í lọ́rùn, mo sì ń tẹ̀ ẹ́ rì. Ó gbá mi létí kan, ó já ara rẹ̀ gbà, ó yí sẹ́yìn mi, ó sì fi apá kan há mi lábẹ́ àgbọ̀n wọ́ dé èbúté. Ó pẹ́ kí ó tó yé mi ìdí tí ó fi gbá mi létí. Mo ti rò pé mò ń ràn án lọ́wọ́ láti gbà mí ni. Ẹni tí ó ń rì kì í dẹ́kun láti máa gbìyànjú, ìgbìyànjú rẹ̀ sì ni ewu tí ó kù. Títí di òní, nígbà tí mo bá ka Mátíù orí 14, níbi tí Pétérù ti bẹ̀rẹ̀ sí í rì tí ó sì kígbe, mo máa ń kíyè sí i pé apẹja ni Pétérù. Ó mọ ìwẹ̀. Kò wẹ̀ ní ọjọ́ náà.

Ìbẹ̀rù ẹni tí ó wá gbani kì í ṣe nǹkan àjèjì nínú ìtàn tiwa náà. Àjàyí, ọmọ Òṣogùn, ẹni tí ó padà di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther, ni wọ́n kó lẹ́rú ní ọdún 1821. Wọ́n tà á láti ọwọ́ kan dé ọwọ́ kejì títí ó fi dé Èkó. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà pé ní ọ̀pọ̀ òru, òun gbìyànjú láti fi ọ̀já ara òun fún ara òun lọ́rùn, ṣùgbọ́n ọkàn òun kò gbà á. Ọmọdé tí ó ń wá ọ̀nà àbáyọ nìyẹn, tí kò rí ju èyí lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, wọ́n kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí; láìpẹ́ rárá, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Myrmidon mú ọkọ̀ náà lójú omi. Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé Àjàyí àti àwọn ọmọ yòókù sínú ọkọ̀ ogun náà, ẹ̀rù bà wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí a so rọ̀, wọ́n rò pé ẹran ènìyàn ni. Wọ́n rí ọta ìbọn àgbá, wọ́n rò pé orí ènìyàn ni. Ó gbà wọ́n ní àkókò díẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀ pé a ti dá wọn sílẹ̀.

Wọ́n gbé e lọ sí Freetown, ó kọ́ ìwé níbẹ̀, a sì rì í bọmi ní ọdún 1825. Ní ọdún 1846, ó rí ìyá rẹ̀ padà ní Abẹ́òkúta lẹ́yìn ọdún 25. Ọkùnrin yìí kan náà ni ó jókòó tí ó túmọ̀ ìwé Róòmù sí èdè wa, èyí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1850. Nígbà tí ó dé ibi tí ó ti ní láti fi Yorùbá sọ pé Ọlọ́run ń gba ènìyàn, kì í ṣe inú ìwé nìkan ni ó ti mọ ohun tí ó ń kọ. Ó mọ ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Mo máa ń rò pé a kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa bí a kò bá rántí ẹni tí ó kọ ọ́ fún wa.

Mo gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ lábẹ́lẹ̀. Wọ́n ní bí ènìyàn kò bá lè ṣe ohunkóhun fún ìgbàlà ara rẹ̀, ṣé kí a ká ọwọ́ lẹ́rán nígbà náà? Ìbéèrè yìí ti ń jáde láti ayé Pọ́ọ̀lù, n kò sì ní fi àkókò ṣòfò lórí rẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Ohun tí ó ń bà mí nínú jẹ́ jù ni àwọn tí ó ti dáhùn rẹ̀ pẹ̀lú ìwà wọn. Mo mọ ìjọ kan ní etí odò, n kò ní dárúkọ rẹ̀, tí wọ́n kó ẹ̀wù ìléfòó fún láti máa fi sọdá lọ sí ìpàdé. Wọ́n kó o sínú yàrá ìkẹ́rùsí, wọ́n tì í. Nígbà tí mo béèrè, alàgbà kan sọ fún mi pé Ọlọ́run ni ó ń sọ́ wa lójú omi. Pọ́ọ̀lù wà nínú ọkọ̀ tí ó fẹ́ rì ní Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 27. Áńgẹ́lì ti sọ fún un pé kò sí ẹ̀mí kan tí yóò ṣòfò. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn atukọ̀ fẹ́ sá lọ, òun ni ó kìlọ̀ pé bí wọn kò bá dúró nínú ọkọ̀, àwọn yòókù kò ní là. Ẹni tí ó mọ̀ pé a gba òun là lọ́fẹ̀ẹ́ kì í fi ẹ̀mí ọmọlàkejì ṣeré. Ìjọba ti pàṣẹ lọ́pọ̀ ìgbà pé kí èrò ọkọ̀ máa wọ ẹ̀wù yìí. Kí ni ìjọ ń ṣe tí òun kò lè jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò pa àṣẹ náà mọ́?

Mo wá padà sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin mi, nítorí n kò tíì dá a lóhùn. Okene là. Àwọn 11 tí ó kù kò là. Okene sọ fún àwọn oníròyìn pé òun kò lọ síbi ìsìnkú wọn, nítorí òun ń bẹ̀rù ohun tí àwọn ẹbí wọn yóò rò. Àwọn ènìyàn gbà gbọ́ pé oògùn ni ó fi gba ara rẹ̀. Irú èrò yìí wà nínú ìjọ wa náà, a kàn wẹ̀ ẹ́ nù díẹ̀ ni: a ní ó gbàdúrà ju àwọn yòókù lọ. Ta ni ó wà níbẹ̀ tí ó gbọ́ àdúrà àwọn 11? Ta ni ó sọ pé kò sí ẹni tí ó ń ké pe Ọlọ́run nínú àwọn tí ó bá odò Ọya lọ ní Pàtígi, ìbáà jẹ́ Kristẹni tàbí Mùsùlùmí? N kò mọ ìdí tí ọwọ́ òmùwẹ̀ fi kan ẹnìkan tí kò kan àwọn yòókù. Ẹni tí ó bá sọ pé òun mọ̀ ọ́n, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó wá síbi ìsìnkú.

Ṣùgbọ́n èyí ni mo mọ̀. Okene yóò kú ní ọjọ́ kan. Àwọn ọmọ Tham Luang yóò kú ní ọjọ́ kan. Gbogbo ìgbàlà tí ènìyàn lè ṣe fún ènìyàn, sísún ọjọ́ síwájú ni. Ewu tí ó wà lẹ́yìn gbogbo ewu, ẹ̀ṣẹ̀ tí ó gbé ikú wọ ayé àti ìdájọ́ tí ó tẹ̀ lé e, kò sí òmùwẹ̀ tí ó lè wọ ibẹ̀ lọ kí ó sì padà. Ìjẹ́wọ́ àwa Kristẹni ni pé Ẹnìkan wọ ibẹ̀. Kò na ọwọ́ láti ẹnu ihò nìkan; Ó wọ inú omi náà, omi sì bò Ó, ní ọjọ́ kẹta Ó jáde. Nítorí náà, nígbà tí mo bá fi orúkọ Ọlọ́run Olùgbàlà parí lẹ́tà sí ẹbí tí ó ń ṣọ̀fọ̀, kì í ṣe pé mo ń sọ pé kò sí ẹni tí ó rì. Mo ń sọ pé rírì náà kò mú wọn kọjá ibi tí ọwọ́ Rẹ̀ dé. Ó yẹ kí n ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gbé Okene jáde, wọn kò gbé e lọ sílé lójú ẹsẹ̀. Ó rò pé ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ Ìṣẹ́gun sì ni. Wọ́n fi í sínú yàrá onírin kan tí a ti ń dín agbára afẹ́fẹ́ kù díẹ̀díẹ̀, ó sì lo nǹkan bí ọjọ́ méjì níbẹ̀ títí ara rẹ̀ fi kọ́ láti gbé lókè lẹ́ẹ̀kan sí i. A ti yọ ọ́ pátápátá, síbẹ̀ omi òkun náà ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń bínú sí ara yín pé ẹ ti gba Kristi gbọ́, síbẹ̀ ìbínú àtijọ́ tàbí ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ àtijọ́ ṣì ń jẹ yọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka apá yìí nínú ìtàn náà lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà, ọkùnrin tí ó ti búra pé òun kò ní padà sójú òkun mọ́ lọ kọ́ iṣẹ́ òmùwẹ̀. Iṣẹ́ tí àwọn tí ó yọ ọ́ ń ṣe ni òun náà ń ṣe.

Mo ka àpilẹ̀kọ yìí fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà kí n tó fi í ránṣẹ́. Ó gbọ́ ọ dópin, ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní òun ṣì ní ìbéèrè méjì, ṣùgbọ́n pé ó di ọjọ́ mìíràn. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè orúkọ ìjọ etí odò yẹn lọ́wọ́ mi, àti ọwọ́ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ yàrá ìkẹ́rùsí wọn wà.